Agbo Yèyé ní Jẹ́ríkò: Ohun tí Mo Rí ní Ìpàdé Mẹ́ta

₦7,000 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan fún alẹ́ kan ní agbo ìjọsìn àwọn obìnrin kan ní Jẹ́ríkò, ní Ìbàdàn, ẹni tó bá sì san ti ìpàdé mẹ́ta pọ̀ yóò san ₦18,000. Ti mẹ́ta ni mo san. Kì í ṣe pé ó ti dá mi lójú pé n ó tún padà lọ, ṣùgbọ́n ₦3,000 tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ ni mo fi kún owó mọ́tò láti Àpáta dé Jẹ́ríkò, olùkọ́ jọ́gíráfì tó ń gba owó oṣù ìjọba kì í sì í fojú di irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀. Mo lọ ní oṣù Kejì, mo lọ ní oṣù Kẹfà, mo sì tún lọ ní oṣù Kẹwàá, nítorí náà ohun tí n ó sọ níhìn-ín kì í ṣe àgbọ́sọ. Obìnrin tó dá ìpàdé náà sílẹ̀ bẹ gbogbo wa pé kí a má dárúkọ òun tàbí ti ẹgbẹ́, mo sì gbà fún un. Ẹni tó bá ń wá wọn ní tòótọ́ ní Ìbàdàn yóò rí wọn, torí pé àwọn obìnrin tó ti débẹ̀ kì í pa á mọ́ fún ọ̀rẹ́ wọn.

Ìjọsìn ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí a bí ọ̀pọ̀ nínú wa sí. Ẹ̀ka kan ni nínú ẹ̀sìn tí àwọn òyìnbó kan tó kúrò nínú ẹ̀sìn Kírísítì gbé kalẹ̀, tí wọ́n fi ń bọ òṣùpá, ilẹ̀, ìyípadà àwọn ìgbà nínú ọdún, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, òrìṣà obìnrin kan tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé òun ni ìyá ohun gbogbo, tí gbogbo òrìṣà obìnrin ayé sì jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo yìn lára ẹni tó ń darí wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ni pé kò bu ọjọ́ orí kún ẹ̀sìn náà. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ó jókòó sórí ẹní ó sì ṣàlàyé fún àwa tuntun pé pípe igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé tí a máa tó ṣe ti wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ awo kan tó ń jẹ́ Golden Dawn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1888. Pé Gerald Gardner, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀wé nípa ẹ̀sìn tí a wá mọ̀ sí Wicca ní 1954, lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fagi lé òfin ọdún 1735 lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́ ní 1951. Pé àwọn obìnrin Amẹ́ríkà bíi Z Budapest, tó kó obìnrin nìkan jọ ní Los Angeles ní 1971, àti Starhawk ní San Francisco, wà lára àwọn tó fi òrìṣà obìnrin sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Àti pé ní Glastonbury, ní England, níbi tí tẹ́ńpìlì kan wà tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ilé ìjọsìn ní 2003, ni òun ti kọ́ ọ nínú ọdún 11 tí òun fi gbé lẹ́yìn odi. Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ṣe ẹ̀gbọ́n fún Wicca tó jáde sí gbangba. Mo ti rí pásítọ̀ tí ìjọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ábúráhámù fúnra rẹ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́, nítorí náà òótọ́ inú Àǹtí tù mí lára.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò ní gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, òun náà ni àjẹ́. Ní England àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́sìn yìí ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a máa ń túmọ̀ sí àjẹ́ pe ara wọn, wọ́n sì ń fi í yangàn. Àǹtí kò túmọ̀ rẹ̀ rárá, ó sì gbọ́n. Abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó sọ pé ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura. Àwọn tó ṣe òfin fún wa ti kó tiwọn kúrò nílẹ̀ láti 1951, tiwa ṣì dúró síbẹ̀. Òfin ọ̀hún tilẹ̀ kéré. Ọ̀rọ̀ tó ti lé arúgbó kúrò nílé ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń so mọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Yèyé ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n ń bọ, nígbà mìíràn wọn a pè é ní Ìyá Ńlá, orúkọ tí àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu ti ń pè é kí bàbá Gardner tó fẹ́ ìyá rẹ̀.

Kí wọ́n tó gbà yín, wọn yóò kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi bi mí ní ìbéèrè: kí ló gbé mi wá, ṣé ara mi dá, ṣé kò sí ẹni tó fipá mú mi, ṣé mo mọ̀ pé wọn kì í wo àìsàn, wọn kì í sì í bá ènìyàn wá ọkọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ó ti já ìrètí àwọn kan tí ì bá wá fi ₦7,000 ra ohun tí wọn kò tà. Aṣọ tó bá wù yín ni kí ẹ wọ̀. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ lè wọ agbo, ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọ aláṣọ funfun kò gbọdọ̀ gbọ́. Gbogbo fóònù yóò wọ inú agbọ̀n kan lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ Jẹ́ríkò tí ọgbà wọn fẹ̀, tí igi máńgòrò wọn sì dàgbà ju ẹni tó ń gbé inú wọn lọ. Aago méje ni wọ́n pè wá ní oṣù Kejì. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó tọrọ àforíjì. Obìnrin 14 ni wá. Òṣùpá àrànmọ́jú yọ lẹ́yìn igi máńgòrò pẹ̀lú eruku ọyẹ́ lójú. Àǹtí mú ìgbálẹ̀, ó gbá ilẹ̀ yí gbogbo wa ká, ó po iyọ̀ mọ́ omi, ó wọ́n ọn, ó sì rìn yí agbo po lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìrìn ọwọ́ aago. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ìlà-oòrùn tí í ṣe ti afẹ́fẹ́, gúúsù tí í ṣe ti iná, ìwọ̀-oòrùn tí í ṣe ti omi, àti àríwá tí í ṣe ti ilẹ̀, tí ẹni kọ̀ọ̀kan sì ń yíjú síbi tí wọ́n bá dárúkọ. Títí dé ibí yìí, ojú olùkọ́ tó ń wo ọmọ tó ń ka ìwé sórí ni mo fi ń wò wọ́n.

Igbá omi ló yí ọkàn mi padà. Ẹni tí igbá náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló ní ọ̀rọ̀ sọ. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá sí i, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbà á nímọ̀ràn, ẹ kò ní gbọ́ “Ọlọ́run á ṣe é,” ẹ kò ní gbọ́ “tèmi tilẹ̀ tún burú ju tìrẹ lọ.” Bí ó bá parí, gbogbo agbo yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé “A gbọ́,” igbá yóò sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Obìnrin kan wà lọ́wọ́ òsì mi tí ọjọ́ orí rẹ̀ yóò ti sún mọ́ ọgọ́ta. Ó gba igbá náà, kò sì sọ nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, mo sì ń wo òṣùpá lójú omi inú igbá bí ó ṣe ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, tó ń so pọ̀, tó tún ń fọ́. Mo fojú díwọ̀n pé ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kò sí ẹni tó wúkọ́, kò sí ẹni tó fi orin bo ìdákẹ́jẹ́ náà mọ́lẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó gbé igbá fún mi láìsọ gbólóhùn kan, a sì dáhùn pé “A gbọ́.” Èmi sọ̀rọ̀ ìyá mi tí a sin ní ọdún tó ṣáájú. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ṣe òkú náà, tí mò ń ka kúlà, tí mò ń pín aṣọ ẹbí, tí mò ń bá alásè jà lórí ẹran, tí n kò sì ráyè sunkún ìyá tó bí mi. Ibẹ̀ ni mo ti sun ún. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni wọ́n ń tà ní Jẹ́ríkò, igbá omi yẹn ni n ó sọ fún un, ó sì tó ₦7,000 dáadáa, nítorí pé n kò mọ ibòmíràn ní ìlú yìí tí ènìyàn ti lè rí àgbàlagbà 13 tí yóò dákẹ́ fún un.

Ijó ni wọ́n fi tẹ̀ lé e, irú èyí tí àwọn ará San Francisco ń jó, tí gbogbo ènìyàn yóò di ara wọn lọ́wọ́ mú bí okùn, tí ẹni iwájú yóò máa yí wọlé bí ìkarahun ìgbín, tí yóò sì tún yí padà síta kí oníkálukú lè kojú ẹnì kejì rẹ̀. Ó dára lórí koríko. Ní oṣù Kẹfà, tí òjò lé wa wọ yàrá àlejò, àárín àga ni ìkarahun ìgbín náà há sí. Oúnjẹ wọn kò ju ṣin-ṣín àti zóbò lọ, wọ́n ní kí ẹsẹ̀ wa lè padà kanlẹ̀ ni; zóbò náà dùn, ṣin-ṣín náà le.

Ìpàdé oṣù Kẹfà ni iṣẹ́ mi ti bá mi jà. Ọdún mẹ́jọ ni àwọn ẹlẹ́sìn yìí ń ṣe láàárín oṣù méjìlá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà síra. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ni èyí tí a lọ bọ́ sí, ọjọ́ tí ọ̀sán gùn jù lọ, tí wọ́n ń dáná láti bá oòrùn yọ̀ kí agbára rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ní gúúsù England, ọ̀sán máa ń lé ní wákàtí 16 ní oṣù Kẹfà, á sì wá sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí wákàtí 8 ní oṣù Kejìlá. Ẹni tó ń gbé irú ibẹ̀ yóò dáná, yóò sì tún bẹ oòrùn pé kó má lọ. Ìbàdàn jókòó sí ìwọ̀n 7 àti díẹ̀ lókè ìlà agbedeméjì ayé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀sán wa tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò pé wákàtí kan. Òjò àti ọyẹ́ ló ń pín ọdún fún wa, kì í ṣe gígùn ọ̀sán, òjò náà sì wá jẹ́rìí fún ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn: ó pa iná oòrùn wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí ẹnì kan fi lọ bu kẹrosíìnì, tí èéfín sì lé wa wọlé.

N kò lè pa á mọ́ra. Lẹ́yìn ìpàdé, mo sọ fún Àǹtí pé iná wà ní gúúsù fún àwọn ará Glastonbury nítorí pé gúúsù ni oòrùn ọ̀sán wọn máa ń wà láti ọdún dé ọdún, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń tẹ̀ sí ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ tí a wà yẹn gan-an, ó tẹ̀ síbẹ̀ ní ìwọ̀n 16. Ìrìn ọwọ́ aago tó ń rìn yí agbo po, tó ní ọ̀nà oòrùn ni òun ń tọ̀, òdì ọ̀nà oòrùn ni ní oṣù Kẹfà wa. Wọ́n fi omi sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì bá ilẹ̀ wọn mu, torí pé apá ibẹ̀ ni òkun Àtìláńtíìkì wà sí wọn, àmọ́ ẹni tó bá ń wá òkun láti Ìbàdàn, gúúsù ni yóò kọjú sí, ní ọ̀nà Èkó. Mo tún fi kún un pé kí wọ́n rọra máa pe omi ní ìtura àti ìwẹ̀nùmọ́ nìkan, ní ìlú tí odò Ògùnpa ti ya wọlé àwọn ènìyàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, tí omi sì tún gbé ẹ̀mí lọ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011. Àǹtí kò bínú. Ó fún mi ní ìwé àti bírò pé kí n yà á. Nígbà tí mo fi máa padà dé ní oṣù Kẹwàá, ó ti gbé iná lọ sí àríwá gẹ́gẹ́ bí mo ṣe yà á, láìmọ̀ pé oòrùn ti padà sí gúúsù láti oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀bi mi ni, mi ò ṣàlàyé dé ibẹ̀.

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni mo ní tó kọjá ọ̀rọ̀ àpárá. Lẹ́yìn ìpàdé oṣù Kẹfà yìí náà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ gbé àwòrán agbo sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù tiwa wà nínú agbọ̀n, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ojú mi kò hàn, àmọ́ gèlè aláwọ̀ ewé tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wa fi mọ̀ mí hàn kedere láti ẹ̀yìn, ọ̀gá mi sì ti rí i kí n tó rí i. Mo pè wọ́n. Láàárín wákàtí kan wọ́n ti yọ ọ́, Àǹtí fúnra rẹ̀ sì dá ₦6,000 alẹ́ ọjọ́ náà padà sí àkáǹtì mi láì jẹ́ pé mo béèrè. Mo gba owó náà. Síbẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbẹgẹ́, tàbí tí àwọn àna rẹ̀ kò bá rọrùn, kí ó mọ̀ pé agbọ̀n fóònù kì í ṣe odi.

Ìyá Pópó bá mi lọ ní oṣù Kẹwàá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ẹni ọdún 78, ilé wọn wà ní Pópóyemọja, ìyá àwọn méjèèjì sì jẹ́ olórìṣà Yemọja títí ó fi kú. Ìyá Pópó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n kò tíì gbàgbé ohun tó bá nínú ilé. Nígbà tí mo sọ fún un pé àwọn kan fẹ́ bọ Yemọja ní Jẹ́ríkò, ó ní òun fẹ́ fojú òun rí i. Wọn kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé àga onítìmùtìmù fún un, gbogbo wọn sì kúnlẹ̀ kí i dáadáa. N kò ní àléébù kan láti rí sí bí wọ́n ṣe gbàlejò àgbà.

Wọ́n tẹ́ aṣọ àwọ̀ ojú ọ̀run sílẹ̀, wọ́n to ìkarahun inú òkun lé e, ìró ìgbì òkun sì ń jáde láti inú spíkà kan lẹ́yìn òdòdó. Ìyá Pópó tẹ̀ sí etí mi.

“Àbẹ̀kẹ́, kín ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ Olókun?”

Àǹtí gbọ́. Ó ṣàlàyé pé ní Brazil àti Kúbà, òkun ni Yemọja, pé ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì àwọn ará Salvador máa ń gbé òdòdó lọ fún un ní etí òkun, àti pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn tó ń bọ Yèyé ní ilẹ̀ òyìnbó ti mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá Pópó ronú sí i fún ìgbà díẹ̀.

“Omi tó gbé wọn lọ ni wọ́n ń kí níbẹ̀,” ni ó wí. “Kò burú. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kọ́ nìyẹn. Odò Ògùn ni tiwa.”

Kò tún sọ nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi parí. Ó gba igbá omi nígbà tó kàn án, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ tí n kò ní tún sọ níhìn-ín, a sì dáhùn pé “A gbọ́.” Wọ́n bu zóbò sílẹ̀, wọ́n fọ́ ṣin-ṣín sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí na ọwọ́ méjèèjì sókè, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí agbo bá fẹ́ tú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Yemọja, ó ní bí ó bá wù ú kó dúró, bí kò bá sì wù ú kó máa lọ ní àlàáfíà. Ìyá Pópó di apá àga mú.

“Ta lẹ ní kó máa lọ?”

“Màmá, bí a ṣe máa ń parí rẹ̀ nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ẹ ti pè é, ẹ ti bá a sọ̀rọ̀, ẹ ti fún un lóúnjẹ, ó wá kù kó máa lọ. Ṣé ẹ bi í bóyá ó gbà á?”

“A gbà pé ó ti gbà á, mà.”

“Ìwọ lo gbà, ọmọ mi. Òun ńkọ́?”

N kò rí ẹnikẹ́ni nínú àwa 16 tó mi. Ìyá Pópó tú etí ìró rẹ̀, ó mú obì abàtà aláwẹ́ mẹ́rin jáde, ohun tí kò sọ fún mi pé òun mú dání láti ilé. Ó ní kí wọ́n bu omi tútù wá láìsí iyọ̀ nínú rẹ̀. Ó ta omi náà sílẹ̀, ó pa obì, ó yọ ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń bá ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà lókèèrè. Ó da obì sórí ẹní. Awẹ́ mẹ́ta dojú bolẹ̀, ẹyọ kan ló ṣíjú sókè.

“Kò gbà,” ni ó wí, bí ẹni tó ní ọ̀bẹ̀ kò níyọ̀.

Ara àwọn obìnrin náà kò lélẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọdébìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, béèrè bóyá a ti ṣẹ̀ ẹ́. Ìyá Pópó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, oúnjẹ ni. Ẹ̀gbo ni wọ́n ń gbé fún un nílé àwọn, kò mọ zóbò. Ó tún bá a sọ̀rọ̀, ó ṣèlérí pé ẹ̀gbo yóò dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó sì tún da obì. Méjì ṣíjú, méjì dojú bolẹ̀.

“Ó yàn!”

Ariwo tí a pa lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò rò pé wọ́n ti pa irú rẹ̀ rí nínú ọgbà Jẹ́ríkò náà. A pín obì jẹ. Àǹtí kò kọ́kọ́ dùn sí i, mo rí i lójú rẹ̀. Ó tún sọ lẹ́ẹ̀mejì pé agbo ti tú kí obì tó dé. Lẹ́yìn náà ni ó lọ mú ìwé kékeré rẹ̀ wá, tó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá àga Ìyá Pópó, tó ń kọ ọ́.

Ibi tí ìdájọ́ mi dúró sí lórí gbogbo rẹ̀ nìyí. Àwọn òyìnbó tó to ìjọsìn yìí mọ bí a ṣe ń ṣí nǹkan àti bí a ṣe ń pa á dé. Wọ́n kọ́ obìnrin bí a ṣe ń gbọ́ obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, débi pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan pàtó tí wọ́n ń fi sọ fún un pé a ti gbọ́. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ pé jọ gan-an ni wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún kó sọ tirẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti tún un ṣe nípa fífi obì kún un, nítorí pé ẹni tó bá bi òrìṣà ní ìbéèrè ti gbà pé ó lè dáhùn pé rárá, ẹni tó sì san ₦7,000 láti Bódìjà tàbí Akóbọ̀ kò fẹ́ kí wọ́n sọ fún un ní aago mẹ́wàá alẹ́ pé a kò gba ohun tó gbé wá. Bí èmi bá jẹ́ Àǹtí, bóyá n kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ alẹ́ tí wọ́n sọ fún wa pé “kò gbà” yẹn nìkan ni mo rò lóòótọ́ pé ẹnì kan ń bẹ níbẹ̀ yàtọ̀ sí àwa.

Nítorí náà, bí ohun tí ẹ ń wá bá jẹ́ ibi tí ẹ ó ti gbé ẹrù inú yín kalẹ̀ láàárín àwọn obìnrin tí kò ní dá yín lẹ́jọ́, ẹ lọ, kí ẹ san owó ẹyọ alẹ́ kan ná, kí ẹ yan alẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú, kí ẹ sì jẹun kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ fi àwọn ọdún ìgbà òtútù àti ìgbà ooru òyìnbó sílẹ̀ títí wọn yóò fi rí ọyẹ́ àti òjò wa fi rọ́pò wọn. Bí ó bá sì jẹ́ òrìṣà ni ẹ ń wá, Pópóyemọja kò jìnnà, wọn kì í sì í gba ₦7,000. Ìyá Pópó fẹ́ràn igbá omi náà ju gbogbo ohun mìíràn lọ. Nínú mọ́tò, ó ní òun yóò fi lọ àwọn ẹgbẹ́ òun ní àdúgbò, kí ó tó rántí ìyá alátẹ kan nínú wọn, tó sì ní ẹni yẹn kò lè dákẹ́ tó àkókò tí a fi ń bu omi.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìpàdé, ó gbé ìkòkò ẹ̀gbo lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbé e lọ sí Jẹ́ríkò. Àǹtí gbà á lẹ́nu géètì, ó ṣí i, ó ní òórùn rẹ̀ dára, ó sì béèrè ibi tí òun yóò gbé e sí. Mo pe Ìyá Pópó lórí fóònù. Ó ní bí a kò bá lè dé Odò Ògùn, kí a gbé e lọ sí omi tó ń ṣàn tó bá sún mọ́ wa. Odò Ọ̀nà ló sún mọ́ wa, òun ni wọ́n sé sí Ẹlẹ́yẹlé ní 1942 láti fún ìlú lómi. Àǹtí bọ́ bàtà gogoro rẹ̀, ó wọ sálúbàtà, a sì sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ó da ẹ̀gbo náà sómi díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó bí ó ṣe ń funfun lọ lójú omi. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ pé kí Yèyé máa lọ ní àlàáfíà, ó sì tún pa á dé, ó wá yíjú sí mi pé, “Ṣé a óò bi í?” Àwa méjèèjì kò mú obì dání.